Ẹsẹ̀ Màámi Lórí Pápá

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àgbà ló pa á lówe, àgbà náà ló sì máa ń dúró lẹ́yìn ẹ̀fà, tí á fi agbádá bo ohun tó wà níbẹ̀, tí á ní, kò sí nǹkan kan, ọmọ, máa bá ìrìn rẹ lọ. Èmi náà bá ìrìn mi lọ. Mo rìn títí mo fi dé ìlú òyìnbó kan tí òjò rẹ̀ kì í dá, níbi tí àwa obìnrin tó ń fò sókè láti gbogbo orílẹ̀-èdè ti fẹ́ figagbága. Ìrọ̀lẹ́ ni àṣekágbá wa. Mo kírun Àílà ọ̀sán tán; kóòṣì mi, Àǹtí Mopélọ́lá, ní kí n lọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Oorun gbé mi.

Mo kàn rí i pé mo wà ní pápá.

Pápá náà ni, kì í sì í ṣe òun. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ò tutù. Ilẹ̀ pupa tí à ń sáré lórí rẹ̀ ti di yẹ̀pẹ̀ Èrúwà ìlú wa, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ni ní àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Èrò kún orí ìjókòó yí pápá po, wọ́n kún dé òkè níbi tí ojú ò ti tó wọn mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló kọ ẹ̀yìn sí wa. Ìpàkọ́ nìkan ni mò ń rí. Ìpàkọ́ onífìlà, ìpàkọ́ onígèlè, ìpàkọ́ òyìnbó. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ìyá òyìnbó tó máa ń gbé àsíá sókè bí a bá fò tán jókòó sórí àga rẹ̀, àsíá funfun àti àsíá pupa wà lórí itan rẹ̀, ó ń tòògbé.

Òpó méjèèjì wà ní ìdúró. Tìmùtìmù ńlá tí à ń já lé wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀pá tí à ń fò ni kò sí. Níbi tó yẹ kí ọ̀pá wà, ẹnì kan ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. Màámi ló jókòó lórí rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì láti ìdí òpó kan dé ìdí òpó kejì, ó gbé igbá sí ẹ̀gbẹ́, ó ń bó ẹ̀gúsí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ ná, kí n sọ ohun tí rírí i jẹ́ fún mi ní ọjọ́ yẹn.

Màámi ò mọ̀wé. Ó lọ ilé kéú díẹ̀, wọ́n fi í fọ́kọ, ó bá ẹ̀gúsí bíbó lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ tí ó ṣe é gbé lọ síwájú Ọlọ́run: àlùwàlá, ìkúnlẹ̀ kí àgbà, òwe, oríkì ilé bàbá mi àti tìyá mi. Láti ìgbà tí orílẹ̀-èdè wa ti ń mú mi lọ síbi ìdíje, kò sí ọjọ́ kan tí mo fò tí kò kọ́kọ́ kì mí lórí fóònù. Ó ní orí tí wọn ò bá kì, kì í mọ̀ pé wọ́n ti ilé rán òun wá. Bí ó bá ń kì mí, ara mi á máa ṣe gìrì bí ara ẹṣin. Nígbà àkọ́kọ́ tó rí mi nínú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ṣòkòtò tó fún mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé télọ̀ yẹn ò ní aṣọ mọ́ ni?" Lẹ́yìn náà ló tó kì mí, tó fi wá sunkún.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti dé ìlú òjò yìí, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀, títí tí mo fi fo ìpele àkọ́kọ́ pàápàá. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀dá Ráímì, tí òun àti Màámi jọ ń gbé. Ó ní Màámi ń sùn. Mo tún pè, ó ní ọ̀fun ló ń dùn ún, dókítà ní kó má sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní ó ti lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Lánlátẹ̀, fóònù kì í gbà níbẹ̀.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹni tí ọ̀fun ń dùn ló wá gbéra lọ kí èèyàn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́ńsúrà! Lọ́yà ló yẹ kí o ṣe, kì í ṣe ẹni tó ń fò kiri bí tata. Lọ fò, jàre."

Ẹ̀rín yẹn pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, kò sí góòlù lọ́kàn mi ní ọ̀sán yẹn. Ohùn ìyá mi ni mò ń wá. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí n tó fò, kí n lè mọ̀ pé ó wà.

Òun náà wá rèé lórí ẹní, láàrin òpó méjì.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, o ti dé." Oríkì mi nìyẹn. Òun nìkan ló ń fi í pè mí.

"Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀ pupa. Nígbà tí mo dìde tí mo fẹ́ lọ bá a, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Má sún mọ́ mi. Ibi tí o wà yẹn náà tó."

Mo dúró. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ tún gùn sí i. Kí ni wọ́n fi ń bọ́ ọ níbí?"

"Búrẹ́dì ni, Màámi. Àti ewé."

"Ewé wo?"

"Ewé tútù ni. Wọn kì í sè é."

"Bí ewúrẹ́?" Ó mi orí. "Áà. Mo fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìdálẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn. Wọn ò tiẹ̀ fi iyọ̀ sí i?"

"Òróró díẹ̀ ni wọ́n máa ń wọ́n sí i."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo rí ẹ̀rín náà ní èjìká rẹ̀ àti ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dún. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Bó ṣe máa ń ṣe é gan-an ló ń ṣe é: á mú ẹ̀gúsí kan, á fi èékánná fún un létí, èèpo á là, ọmọ ẹ̀gúsí funfun á yọ́ sínú igbá, á sì fẹ́ èèpo dànù lọ́wọ́. Èèpo náà ń fò lọ sókè nínú òjò, kò padà wálẹ̀. Igbá kò sì kún.

Mo ní, "Màámi, mo pè yín títí. Wọ́n ní ọ̀fun ló ń dùn yín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bọ̀dá Ráímì ni."

"Ráímì." Ó dárúkọ rẹ̀ bí ẹni ń fi ọwọ́ pa ọmọ lórí. "Má bá a jà. Wọ́n di ẹrù lé e lórí, ọrùn rẹ̀ ò gbà á."

"Ẹrù wo, Màámi?"

Ó bó ẹ̀gúsí kan, ó bó òmíràn.

"Ọ̀fun ò dùn mí, Àwẹ̀ró. Kò síbi tó ń dùn mí mọ́."

Inú mi dùn. Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, nínú àlá yẹn, inú mi dùn. Mo ní, "Àlàmúdù líláàyì," nítorí orúnkún Màámi ti ń yọ ọ́ lẹ́nu ọjọ́ pẹ́, mo sì ti máa ń bẹ Ọlọ́run lórí rẹ̀ ní gbogbo ìforíkanlẹ̀. Mo rò pé ó ti gbọ́.

"Ó yá, fò, kí o máa lọ," ó ní. "Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti ń lọ."

"Kí ni mo máa fò, Màámi? Wọ́n ti gbé ọ̀pá lọ."

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

Mo fà sẹ́yìn.

Ní ilé tiwa, a kì í fo ẹsẹ̀ ẹni tó nà án kalẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì fò ó, àfi kó yára fò ó padà, kí ìrìn onítọ̀hún má baà dí. Èmi kì í ṣèèṣì. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bí Màámi bá ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí pẹ̀lú ẹ̀gúsí, màá ti ẹnu ọ̀nà sáré wá, ó di gbìì lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Á kígbe: "Padà! Fò ó padà! Ọmọ burúkú, ṣé o fẹ́ kí n di arọ ni?" Màá sì tún fò ó padà. Nígbà tó yá, ó di eré láàrin wa. Bí mo ṣe ń ga, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí. Nígbà tí àpótí ò tó mi mọ́, ó yí odó dé ilẹ̀, ó gbé e lé ìdí odó. Àwọn àlejò á ní, "Ìyá Ráímì, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?" Á ní, "Mò ń tọ́ ọmọ ni." Ohun tí àwọn tó mọ̀wé ń pè ní ẹ̀bùn lára mi, lórí ẹsẹ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, àlọ àti àbọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí mo fò ó lọ tí kò pè mí padà.

Ní pápá, mo wo ẹsẹ̀ náà. Bí mo ṣe ń wò ó ló ń ga. Ó kúrò nílẹ̀, ó dé àyà mi, ó ré èjìká mi kọjá, ó ga jù mí lọ. Màámi ò sì dìde. Lórí ẹní ló ṣì wà, ó ń bó ẹ̀gúsí, ojú rẹ̀ sì sún mọ́ mi bí ẹni pé a jọ jókòó ni.

"Mi ò fẹ́, Màámi."

"Kí lò ń bẹ̀rù?"

"Tìmùtìmù ló wà lọ́hùn-ún. Bí mo bá já lé e, kì í jẹ́ kéèyàn tètè dìde. Mi ò ní lè yára fò ó padà fún yín."

"Má padà."

"Màámi?"

"Mo ní má padà." Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ẹsẹ̀ yìí ò ní ibì kan tó ń lọ mọ́."

Mi ò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ẹni tó bá ń lá àlá kì í gbọ́n. Mo ṣáà rìn lọ sẹ́yìn, dé ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ eré, nítorí ìyá mi ló rán mi níṣẹ́. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ni ohùn rẹ̀ dún. Ohùn tí mo ti ń wá. Kò há, kò gbọ̀n, kò pariwo:

"Àwẹ̀ró, ọmọ ẹsẹ̀ ò gbélé,
A-fò-bí-ìgalà, ewé ò mì.
Igi dábùú ọ̀nà, kò bá igi jà,
Ó kí igi pé ó kú ìdúró, ó gba òkè kọjá.
Ọmọ ẹlẹ́ní tó ń bó funfun nínú èèpo,
Ó fò lójú ìyá, ìyá ń wò ó,
Ó fò lẹ́yìn ìyá..."

Ibẹ̀ ló ti dúró. Ìlà yẹn kò sí nínú oríkì mi tẹ́lẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀.

Eré ti gbé mi. Mo yà bí a ṣe ń yà, mo ti ilẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí ẹsẹ̀ ìyá mi, mo gbéra. Ó pẹ́ tí mò ń kọjá lókè rẹ̀. Ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn rẹ̀ bo imú mi, kì í sì í ṣe òórùn ọṣẹ tàbí òórùn ẹ̀gúsí. Káńfọ̀ ni. Mo yí ojú díẹ̀, mo rí òwú funfun ní ihò etí rẹ̀.

Mo já lé tìmùtìmù. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń retí. Mò ń retí kó kígbe, "Padà!" Òjò ń rọ̀. Àwọn èrò ò yíjú. Ìyá òyìnbó náà ta jí, ó gbé àsíá funfun sókè, pé mo fò ó, pé kò sí ohun tí mo kàn. Mo ṣì ń retí. Kò sẹ́ni tó pè mí padà.

Mo jí.

Òjò gidi ló ń lu fèrèsé. Ọ̀sán ṣì ni. Bàtà ìfò mi wà nílẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá mi mọ̀ ti wà lára aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí omijé. Òye àlá náà ló rọra wọlé sí mi lára, bí omi ṣe ń wọ inú ìkòkò tí wọ́n rì sínú odò, láìdún, títí ó fi kún.

Òkú là ń fi káńfọ̀ àti òwú tọ́jú; alààyè là ń fò ó padà fún. Ìrìn alààyè ló lè dí. Ẹni tó bá ti dé ibi tó ń lọ, kí ló fẹ́ fi ìpadàbọ̀ mi ṣe?

Ínnà lílláyì wa ínnà iláéyì rájíúnà. Mo sọ ọ́ síta, nínú yàrá òyìnbó yẹn, kò sì sí ẹni tó dáhùn sí i.

Àǹtí Mopélọ́lá kan ilẹ̀kùn, ó sì wọlé bó ṣe máa ń wọlé, láìdúró gbọ́ ìdáhùn. "Ọkọ̀ ti dé o! Àbí o ṣì ń hanrun ni, ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yìí?"

Mo ní, "Àǹtí, ìgbà wo ni wọ́n sin ín?"

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló pè ọ́? Mo ti sọ fún Ráímì pé kó má..." Ó gbá ẹnu ara rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́ sílẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó pè mí. Òun fúnra rẹ̀ ló wá."

Àǹtí wò mí. Obìnrin tó ń fi ohùn lé ọkùnrin sáré ni, ṣùgbọ́n ó rọra wálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Ọjọ́ tí a wọ bàálù ni. Wọ́n ti sin ín kí a tó balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ pè mí, àwọn àgbà àdúgbò yín náà bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní a kì í túfọ̀ ìyá fún ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀, tí kò sí ẹbí tí yóò gbá a mú bó bá ṣubú. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí o fò tán. Mọ́ńsúrà, mo bẹ̀ ọ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ ni."

Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi. Bí ẹnikẹ́ni bá tún wà ní ìdálẹ̀ lọ́la, ohun kan náà ni wọn yóò ṣe fún un, bóyá èmi náà á wà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń fò ní ìpele àkọ́kọ́, tí mò ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, tí mò ń juwọ́, tí mò ń fi ẹnu sọ "Màámi" kó lè rí i kà ní ètè mi, abẹ́ ilẹ̀ ló wà. Gbogbo Èrúwà ló mọ̀. Èmi nìkan ni wọ́n kọ ẹ̀yìn sí. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Ìyá mi ò rí ọmú kankan mu lọ́wọ́ mi, mi ò sì sí níbẹ̀ láti da yẹ̀pẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sí i lórí.

"Ṣé kí n lọ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́?" Àǹtí béèrè. "Kò sẹ́ni tó máa dá ọ lẹ́bi."

"Rárá, Àǹtí. Irọ́ ti tó."

"Ṣé wàá wá fò?"

"Ẹsẹ̀ mi á fò. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi ni mi ò mọ ẹni tí mò ń fò fún mọ́." Mo mú fóònù. "Ẹ ní kí wọ́n dúró dè mí díẹ̀."

Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan èjìká mi, ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́.

Fóònù ò tíì dún tán tí Bọ̀dá Ráímì fi gbé e. Ó ti tọ́jú ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ti fi ẹ̀rín kùn ún.

"Mọ́ńsúrà! Akin obìnrin! Òní lòní ń jẹ́! Màámi ní kí n kí ọ o, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé..."

"Bọ̀dá Ráímì."

"Wọ́n ní..."

"Bọ̀dá mi, mo ti mọ̀."

Mo gbọ́ ewúrẹ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ẹnì kan tó ń gún nǹkan nínú odó ní ilé kejì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin onírùngbọ̀n, baba ọmọ, tó ń sunkún pẹ̀lú ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Mo jẹ́ kó sun ún. Kò tíì ráyè sun ún tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ wá ibì kan jókòó sí, Bọ̀dá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ìyá wa ṣe kú fún mi."